Ọwọ́ Òsì Ẹ̀ga

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Kíláàsì kún. Àwa mẹ́rìnlélógójì — èmi nìkan ni mo ti lé lógójì ọdún. "Ìyá Kíláàsì" ni wọ́n ń pè mí. Mo gbà. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi nu imú ọmọ ọlọ́mọ ní jẹ́lé-ó-sinmi kí n tó wá jókòó sí yunifásítì láti kọ́ nípa ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé. Mo rò pé ìwé-ẹ̀rí lásán ni mo wá gbà. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ mi tí mi ò tíì fọwọ́ ara mi ṣe?

Lónìí, Onígíláàsì — olùkọ́ wa, ọmọ tí mo lè bí, gíláàsì rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ — ní ká má fipá yí ọmọ tó bá ń lo ọwọ́ òsì padà. Ó ní ọmọ tí a bá fi ìbẹ̀rù kọ́, ìbẹ̀rù ló máa mọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ń kọ ọ́ sílẹ̀ wàràwàrà. Bírò tèmi dúró.

Mo rántí Ẹ̀ga.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta
Mo ṣí ìwé yìí láti kọ ọ́, mo tún pa á dé.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta
Kí n kọ ọ́ tán, bóyá á fi mí sílẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ẹ̀ga, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi: láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń ròyìn àlá tó lá. Ọwọ́ òsì ló fi ń mú pẹ́ńsù. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ní ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, kí n tún un ṣe kí ọdún tó parí. Mo mú ìborùn mi, mo de ọwọ́ òsì náà mọ́ àga. Láràárọ̀. Oṣù mẹ́ta. Bó bá ń sunkún, èmi a bẹ̀rẹ̀ orin, kí kíláàsì kejì má bàa gbọ́.

Ó padà fọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé. Ọ̀gá àgbà yìn mí níwájú gbogbo èèyàn. Ìgbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há a lẹ́nu. Ẹ̀ga di akólòlò. Ìyá rẹ̀ bi mí pé, Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀? Mo ní ọmọdé ni, á fi sílẹ̀.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kẹta
Mo ń lọ, mo ń bọ̀ nínú pálọ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ọkọ mi — Ọ̀gá Rédíò — rẹ rédíò rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí kì í ṣe. Mo sọ ọ́ fún un. Ó wá ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo ní, agbè ta ni? Ó ní ọmọ náà á ti gbàgbé, kí n má lọ fa ohun tó ti sùn jí. Ó yí rédíò rẹ̀ sókè padà.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹta
Mo dúró de Onígíláàsì lẹ́yìn kíláàsì. Mo purọ́ — mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣe é. Ṣé dídè ọwọ́ lè sọ ọmọ di akólòlò? Ó ní ìwé ò fẹnu kò lórí ìyẹn. Ara fẹ́ tù mí. Ó wá wò mí. "Mà, kí ọ̀rẹ́ yín má fi ìwé bojú. Ṣé ọmọ náà ṣì wà nílùú yìí?"

Ó ṣì wà.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta
Mo rí Ẹ̀ga. Ìyá tó ń se oúnjẹ fún wa ní jẹ́lé-ó-sinmi nígbà náà ló júwe ibẹ̀ fún mi. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ó ti di ọmọge, ó tẹ̀ síwájú iná, ó ń fi irin tín-ín-rín kan tú ẹ̀yìn fóònù. Ọwọ́ òsì.

Ó gbójú sókè, ó dá mi mọ̀. Kó tó kí mi, irin náà ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Kò mọ̀ pé òun ṣe é. Èmi rí i.

Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó di apá mi mú. "Ẹ d-d-dìde, mà." Mo rò ó fún un. Ó rántí. Ó ní ìborùn náà máa ń ní òórùn ọṣẹ. Ó ní òun ò ní kí n bẹ òun, ìyá òun ni kí n lọ bá. Lọ́dún yẹn kan náà, ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan nítorí àwo tó fọ́. Ìyá náà gbà títí dòní pé ìgbátí yẹn ló ba ọmọ òun lẹ́nu jẹ́.

Mo ní, ìwọ ò sọ tèmi fún un ni?

"Mo s-sọ. Ó ní irọ́ ni. Ó ní Àǹtí ò l-lè ṣe irú ẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta
Mi ò lọ. Mo ní òjò ń rọ̀. Òjò ò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta
Mo lọ. Alágbàfọ̀ ni ìyá Ẹ̀ga, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo wọlé. Inú rẹ̀ dùn! "Áà, Àǹtí wa! Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó." Ó nu àga fún mi. Mi ò jókòó — bí mo bá jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Orí ìdúró ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀, títí kan "á fi sílẹ̀" tí mo sọ fún un.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró jẹ́jẹ́. Ó yọ wáyà rẹ̀. Ó ní, oṣù mélòó? Mo ní mẹ́ta. Ó ní lọ́sàn-án gbogbo tóun bá wá gbé ọmọ òun, òun máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun pe ọmọ òun ní òpùrọ́ nítorí mi.

Mo kúnlẹ̀. Kò gbé mi dìde.

"Lọ ka ìwé rẹ parí, kó o má bàa ṣe é fún ọmọ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n má wá síbí mọ́."

"Ẹ" ló fi kí mi wọlé. "O" ló fi lé mi jáde.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta
Onígíláàsì béèrè ọ̀rẹ́ mi. Mo ní èmi ni. Ó ní òun mọ̀.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kẹta
Ẹ̀ga pè mí. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó jáde. Mo dúró, mi ò bá a parí ìkankan nínú rẹ̀.

Ó ní ìyá òun ti bẹ òun. Ó ní láti ọdún tó ti gbá òun lẹ́nu, kò sí Ọjọ́rú kan tí ìyá òun ò fi ààwẹ̀ tọrọ ìdáríjì fún ìgbátí yẹn.

Ó ní lónìí, ìyá òun jí, ó jẹun àárọ̀.