Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Kọ Orúkọ Yín

Ilé Oyèlárán,
Àdúgbò Ilare,
Ilé-Ifẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, ọdún 2025.

Fisáyọ̀mi, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo sì kí ọ kú iṣẹ́. Ṣé ara rẹ ti ń balẹ̀? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí tíì àti bísíkíìtì ni o ṣì ń pè ní oúnjẹ? Àwa nílé ń bẹ, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n má gbàgbé láti sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ tó ń dun òun ti fúyẹ́, òun ti ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ pẹ̀lú ara líle.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó ti bírò àti tákàdá nígbà tí fóònù wà. O kúkú mọ ẹnu mi. Bí mo bá ti gbé fóònù sétí, ẹnu mi a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, n ó sì tún di Bàbá Rẹ́jísítà tí àdúgbò ń pè mí mọ́ ọ lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí kò fẹ́ irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ń kọ ọ́, tí mo ń ya á, tí mo tún ń kọ òmíràn.

Mo ka ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù ní àkàtúnkà. Mo kà á fún ìyá rẹ náà, àmọ́ mo fo ibi tí àdá wà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. O ní ní Ọjọ́rú, ọjọ́ tí ẹ ń gún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ni ọkùnrin mẹ́ta gbé àdá wọ ilé ìwòsàn yín, tí wọ́n ń wá ẹnìkan tí wọ́n ti ṣá lọ́gbẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú. O ní Khàdíjàh tí ẹ jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní wọn kò ní wọlé, wọ́n sì fi pẹlẹbẹ àdá gbá a léjìká. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ń fò jáde lójú fèrèsé. Ìwọ ni o dúró láàrin yàrá, o kò sá, o kò pariwo, o kò lè ran Khàdíjàh lọ́wọ́, títí wọ́n fi tú gbogbo ibẹ̀ wò, tí wọn kò rí ẹni tí wọ́n ń wá, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ.

O ní o ti kọ ìwé pé o fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, pé bí oṣù yìí bá ti parí ni wàá fi lé mátíròn, ọ̀gá yín, lọ́wọ́. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní, “Bàbá mi, ojú ń tì mí láti máa jẹ́ ọmọ yín. Ẹ̀yin rí ìbọn, ẹ ò bẹ̀rù. Èmi rí àdá lásán, mo di igi.”

Ọmọ mi, irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Èmi gan-an ni mo pa á.

O mọ ìtàn náà bí gbogbo Ilare ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn agbébọn mẹ́fà wá sí géètì kọ́tàsì àwọn olùkọ́ yunifásítì níbi tí mo ti ń ṣọ́nà. Mo tẹjú mọ́ wọn, mo ní ẹnikẹ́ni kì í wọlé síbí láìkọ orúkọ sínú rẹ́jísítà. Wọ́n wò mí, wọ́n rí i pé n kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Sátífíkéètì tí wọ́n fún mi nítorí rẹ̀ ni ó wà lókè tẹlifíṣọ̀n láti ọdún mọ́kànlá wá. Ìwọ náà kọ àròkọ nípa rẹ̀ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún méjìlá, “Akọni ni Bàbá Mi,” tíṣà yín sì ní kí o kà á síwájú gbogbo ilé ìwé. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ ọ́ ni mo ń bu iyọ̀ sí i.

Wọn kì í ṣe mẹ́fà. Mẹ́ta ni wọ́n. Ìgbà ọyẹ́ ni, ó ti lé díẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Èmi àti Awóníyì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dúró lábẹ́ igi tó wà létí géètì, à ń jẹ ẹ̀pà. Ọkọ̀ dúdú kan dúró, wọ́n bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbọn méjì. Kí ẹni kejì tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, Awóníyì ti wọ inú igbó lọ. Èmi náà sọ fún ẹsẹ̀ mi pé ká máa lọ. Kò dá mi lóhùn. Etí mi dí bí ẹni pé mo wà nísàlẹ̀ omi. Bọ́tìnnì kan tó já lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹni tó wà níwájú nìkan ni mo ń rí, títí di òní mo lè fi ọwọ́ hàn ọ́ ibi tó yẹ kó wà.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan tó ní, “Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ yín.” Mo ń wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àṣé ẹnu mi ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹnu yìí ti ń sọ gbólóhùn kan náà fún àlejò, ìgbà ọgbọ̀n lójúmọ́, kò tún dúró gba àṣẹ lọ́dọ̀ mi mọ́. Ọwọ́ mi náà ti na rẹ́jísítà sí wọn, ó gbé bírò lé e lórí.

Èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi àwọn ọlọ́pàá, nìyí: ọkùnrin náà gba bírò. Ó há ìbọn sábẹ́ abíyá, ó tẹ̀ ba rẹ́jísítà, ó kọ lẹ́tà kan. Ó ti fẹ́ kọ ìkejì kí ẹnìkejì rẹ̀ tó jágbe mọ́ ọn pé, “Ṣé orí ẹ pé ṣá?” Ó wo bírò náà bí ẹni tí akeekèé ta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà láàrin ara wọn, ọ̀kan ní ọkàn baba yìí balẹ̀ jù, àwọn ọlọ́pàá ní láti wà nínú ọgbà. Ni wọ́n bá kó sínú ọkọ̀, wọ́n gba ọ̀nà Ìpetumodù lọ. A kò mọ ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá gbé títí di òní.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ jáde síta, ojú kan náà ni mo wà, ọwọ́ mi ṣì nà síwájú pẹ̀lú rẹ́jísítà. Wọ́n ní ẹ wo akin, ẹ wo ọkùnrin. Wọn kò mọ̀ pé n kò lè ká ọwọ́ náà sílẹ̀ ni. Ènìyàn méjì ni ó bá mi gba rẹ́jísítà. Kí n tó wọlé, mo ya píọ̀ wọ́tà kan, mo dà á sára láti àyà dé orúnkún, mo ní ooru ń mú mi, nínú ọyẹ́. Mo ti tọ̀ sára, Fisáyọ̀mi. Bàbá rẹ tọ̀ sí ṣòkòtò iṣẹ́ ìjọba.

Mo ní in lọ́kàn láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti ṣáájú mi délé, ìwọ sì wá gbé àròkọ rẹ dé, ojú rẹ ń dán. Ẹnu mi kò gbà á. Ní ti Awóníyì, wọ́n sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-Eré. Bí ó bá ti ń kọjá, wọ́n á ní kí wọ́n ya fún un kó sáré. Bẹ́ẹ̀, òun ló gba inú igbó sáré dé géètì inú, tó tì í, tó pe àwọn ọ̀gá wa lórí fóònù. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìyẹn. Kí ọdún tó yípo, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sí oko kòkó bàbá rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ṣòkòtò lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo gun ọ̀kadà lọ bá a. Ọdún mọ́kànlá ni n kò ti dé ilé rẹ̀, kò sì ju kí ènìyàn rìn ín lẹ́sẹ̀ lọ. Mo bá a níbi tó ti ń sá kòkó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró, ó ń fẹsẹ̀ tú kòkó lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Mo ti mọ̀. Mo rí ṣòkòtò ẹ látinú igbó.”

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Èmi sá, ìwọ tọ̀. Èwo ni kí n wá máa fi yangàn nínú méjèèjì?” A rẹ́rìn-ín títí ìyàwó rẹ̀ fi jáde wá wò wá. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ọ́ tọkàntọkàn pé, “Lágúnjú, ara ló ń ṣe é. Kì í bi wá.” Mo ń fi ọkùnrin yẹn yangàn lónìí ju bí mo ṣe ń fi sátífíkéètì yangàn lọ.

Ó yá, ká padà sí ọ̀rọ̀ tìrẹ. O kọ ọ́ pé apá òsì rẹ le gbagidi, pé kò ṣeé nà títí di ìrọ̀lẹ́, o sì kọ ọ́ bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Mo padà sí òkè ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́, mo wá ohun tó wà nínú apá náà. O ti sọ ọ́ fẹ́rẹ́ kí o tó kọjá lọ, pé ọmọ oṣù mẹ́ta kan wà lọ́wọ́ rẹ tí o fẹ́ gún ní abẹ́rẹ́, pé ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn ọkùnrin náà dojú tábìlì délẹ̀, wọ́n fọ́ kúlà àjẹsára, wọ́n fi àdá na ògiri. Ọmọ náà kò já bọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, o mú oògùn tó ṣẹ́kù, o gún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, o kọ ọ́ sínú káàdì, o sì gbé e fún ìyá rẹ̀. Ìwọ lo kọ gbogbo èyí fún mi, o kò sì rí i.

Ẹnu mi mọ rẹ́jísítà, apá rẹ mọ ọmọ. Rẹ́jísítà ni èmi dì mú, èèyàn ẹlẹ́mìí ni ìwọ dì mú. Orí mi wú, Fisáyọ̀mi. Mo ka ibẹ̀ ní ìgbà kẹta, mo dìde, mo ń rìn kiri pálọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Bá mi kí Khàdíjàh gan-an, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Kó má rò pé o já òun kulẹ̀, sọ fún un pé ara rẹ̀ ló ṣe tirẹ̀, ara tìrẹ náà ṣe tirẹ̀. Ìyá ọmọ yẹn náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u níṣojú rẹ. Ó padà wá.

Ní ti ìwé tí o kọ fún mátíròn, bí iṣẹ́ náà bá ti sú ọ, máa bọ̀ nílé, yàrá rẹ ṣì wà. Bí ẹ̀rù bá sì ń bà ọ́, kò sí àbùkù níbẹ̀, sọ fún wọn kí wọ́n fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà kí o tó padà sídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nítorí kí ojú má tì ọ́ láti jẹ́ ọmọ mi ni, ya á.

Mo ti gbé sátífíkéètì náà sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ béèrè ìdí rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Ó wò mí, ó ní òun lòun fọ ṣòkòtò náà, ta ló sọ fún mi pé òun kò mọ òórùn omi.

Olúwa yóò máa ṣọ́ àbáwọlé àti àbájáde rẹ. Ọwọ́ rẹ kò ní rọ, ọmọ aráyé kò ní ti ọwọ́ rẹ já bọ́. Iṣẹ́ tí o yàn yóò yẹ ọ́, ibi tí o bá wà, ibi kò ní mọ̀ ọ́n. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tí ìwọ ń mú orí rẹ̀ wú,
Lágúnjú Oyèlárán.

Àfikún: Ewé rẹ́jísítà ọjọ́ náà ni mo ká sínú àpò ìwé yìí. Àwọn ọlọ́pàá wò ó nígbà náà, wọ́n ní lẹ́tà kan ṣoṣo kò wúlò fún wọn, wọ́n sì dá a padà fún mi. Wo ìlà kẹrìnlá, wàá rí “R” ọkùnrin náà. Èmi ni mo kọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ mi rọ̀ tán, aago tí wọ́n lọ ni, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo àlejò. Má wulẹ̀ gbìyànjú láti kà á, èmi tí mo kọ ọ́ kò lè kà á. Bí ìyá ọmọ yẹn bá gbé e wá fún abẹ́rẹ́ kejì, gba káàdì rẹ̀, kí o wo ohun tí o kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá rí wúruwùru bí tèmi, a jẹ́ pé ọmọ mi ni ọ́ lóòótọ́.