Ìpè Tó Gbé Mi Kọjá Ìyànà Ìdógùn

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Òórùn adìyẹ ṣì wà lára aṣọ mi, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Gbogbo òròmọdìyẹ tí mo kó lọ fún oníbàárà mi ní Ìdógùn ló dé láàyè.

Láti ìgbà tí àbúrò mi ti fi ẹ̀rọ atọ́nà mọ́tò, èyí tó ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀, ránṣẹ́ láti òkè òkun ni mo ti ń rò ó pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ṣebí fóònù mi náà mọ̀nà. Fóònù ni mo gbé síwájú láàárọ̀.

Mo kọjá Ìpèlé dáadáa. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè láti Ìkàrẹ́. Ta ni kò ní gbé ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ọkọ mi. Ìpè náà ti pa ohùn tó ń júwe ọ̀nà lórí fóònù lẹ́nu mọ́. N kò ráyè sọ pé mo ń wakọ̀. Kí wọ́n tó sọ pé ó dàbọ̀, mo ti kọjá ìyànà Ìdógùn tipẹ́, oòrùn ti mú, àwọn òròmọdìyẹ sì ń ké lẹ́yìn mi.

Mo páàkì. Mo pa fóònù, mo jù ú sínú báàgì, mo tan ẹ̀rọ àbúrò mi tó wà nínú mọ́tò. Kò béèrè dátà, kò sì sẹ́ni tó lè pè é. Ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà mi. Òun ni n ó máa lò.

Ẹ̀gbọ́n mi tún pè nísinsìnyí. "Mo pè ọ́ títí lọ́sàn-án. Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o, mà. Mò ń wakọ̀ ni."

"O ò bá ti sọ fún mi láàárọ̀! Ó dáa, ilé ńkọ́? Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ ńkọ́?"

Mo fẹ̀yìn ti àga, mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Kò sí ìyànà tí mo lè kọjá nínú pálọ̀.