Ẹni Tí Ó Fi Ihò Abẹ́rẹ́ Ya Ìyá Rẹ̀

Kí a tó sọ ọjọ́ tí wọ́n bí olóògbé wa, Ìyá Alápótí, àwa ẹbí fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹnì kan jà wọ́n lólè. Àwòrán ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èyí tí ọ̀gá oníṣẹ́ fọ́tò gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ọdún 1964, tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí lábẹ́, Ìyá Alápótí ló yà á.

Ọdún 1945 ni wọ́n bí wọn. Télọ̀ ni bàbá wọn, alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà. Àbúrò wọn tí ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ kò kà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1963 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá náà. Kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ìgbálẹ̀ ló kọ́ wọn. Ni wọ́n bá kun inú àpótí pátákó kan ní dúdú, wọ́n lẹ páànù fẹ́lẹ́ mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ bàbá wọn lu ihò kan sí i. Wọ́n fi bébà tí wọ́n fi òróró pa bo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn a da aṣọ borí, wọn a máa wo ilé àti igi tó dorí kodò lórí bébà náà, wọn a máa sún àpótí síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà náà ni wọn yóò fi bébà fọ́tò rọ́pò bébà olóròró náà nínú òkùnkùn, wọn yóò ṣí ihò, wọn yóò sì dúró fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí ìmọ́lẹ̀ tó ya àwòrán. Aládùúgbò ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé fọ́tò lò ń yà ni àbí ò ń sin òkú èkúté?”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya ìyá wọn. Ọ̀sán gangan ni, èrò kún títì. Ìyá jókòó bí òkúta, àfi ọwọ́ tí ó fi ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Àbúrò wọn ń lọ, ó ń bọ̀, kí ó lè bọ́ sínú fọ́tò. Nígbà tí àwòrán jáde, títì ṣófo, ọwọ́ ìyá di èéfín, kò sì sí àbúrò níbẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ kì í rí ẹni tí kò bá dúró.

Wọ́n gbé e fún ọ̀gá kí ó bá wọn tẹ̀ ẹ́ ní ńlá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e lọ síbi ìdíje. Ó ní kámẹ́rà òun yà á ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá kan! Níbo wá ni gbogbo èrò ọ̀sán náà wọlẹ̀ sí? Àwọn adájọ́ ìdíje fún un ní àmì ẹ̀yẹ, ó sì gbà á.

Ní 1969 wọ́n fẹ́ káfíńtà, ẹni tó kan àpótí mìíràn fún wọn. Wọ́n sọ yàrá kan nílé di òkùnkùn, wọ́n lu ihò sójú fèrèsé rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń wo àwòrán títì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé gba ihò náà wá sórí ògiri níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Olùfọkànsìn ni wọ́n. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń dárúkọ ọ̀gá nínú àdúrà. Àbúrò wọn kò ṣe àmín sí i rí.

Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àbúrò kan tí kò gbàgbé nǹkan.

Nígbà tí àìsàn dè wọ́n mọ́lẹ̀, ọ̀gá fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá. Ó tẹ̀ síbi etí wọn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, etí mi ti di. Ẹ sọ ọ́ sókè.” Irọ́ ni, etí wọn kò di. Ọ̀gá wo àwa tí a dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ó wúkọ́. Ó ní, “Èmi kọ́ ni mo yà á. Ìwọ lo yà á, àpótí rẹ ló yà á. Mo purọ́.”

Ẹ sùn re o, Ìyá Alápótí. Gbogbo ilé gbọ́.