Ijó Kọ́ Ni Odídẹrẹ́ Ń Jó

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi lónìí pé ijó kọ́ ni odídẹrẹ́ Ìyá àgbà ń jó. Bó bá ti ń mí ni ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sísàlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀.

Èmi ni mo gbé àgò rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, kí òun àti èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá lè máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń yan án. Àṣé èéfín ni mo ń fún un mu!

Mo gbé e wọ yàrá mi. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín: "Ọmọ òyìnbó, ṣé ẹyẹ ò lè jó mọ́ ni?"

Ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà ẹranko wà ní Odògbolú, ṣùgbọ́n ìpayà ọ̀kadà lè pa á.

Ìwé mi, ìwọ nìkan ni mo lè bi láìtijú: kí n gbé e lọ láàárọ̀, àbí kí n jẹ́ kó sinmi?