Maṣíìnì Tí A Gbé Pamọ́

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Wọ́n gbà. Ìgbìmọ̀ ìlú gbà láti gbọ́ wa lórí òfin ilé ìtọ́jú ọmọ. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju èyí lọ: kí ìjọba ṣí ilé kan sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí àwọn tí owó wọn kéré ń gbé, kí ìyá tó ń ṣiṣẹ́ lè gbé ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé síbẹ̀ láàárọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwa ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn mẹ̀kúnnù ti ń pariwo ẹ̀, ẹnu wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ọ̀gá Ẹkún sunkún ní ọ́fíìsì. Èmi ni mo sọ ọ̀gá wa lórúkọ yẹn, ìwé yìí nìkan ló sì mọ̀. Tí nǹkan bá dáa, á sunkún. Tí ò bá dáa, á sunkún. Áńkáṣíìfù rẹ̀ kì í gbẹ. Ó ní àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ fojú ara wọn rí ìdílé kan nínú ilé wọn kí wọ́n tó dìbò. Ta la ní? Ẹnu mi ló yá. Mo ní mo ní àbúrò kan.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ bá àbúrò mi. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà la ti dàgbà. Yàrá kan ṣoṣo, òun àti ọmọ rẹ̀. Ọkọ ti bá tiẹ̀ lọ — ìyẹn ò tún ń ṣe ọ̀rọ̀ mọ́. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Maṣíìnì lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì áyọ́ọ̀nù lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ búlúù káàkiri ilẹ̀. Ọmọ wà láàárín gbogbo ẹ̀. Ìyá ẹ̀ fi ọ̀já so ó ní ìbàdí mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀já yẹn gùn dé ibi ike omi, kò gùn dé ibi áyọ́ọ̀nù. Ó ti wọ̀n ọ́n dáadáa.

Olóyè là ń pe ọmọ náà, nítorí bó ṣe máa ń jókòó sórí tìmùtìmù tí á máa na ìka sí èèyàn. Ó na ìka sí mi. Ó ní, "Jókòó." Mo jókòó.

Àbúrò mi ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé ìtọ́jú ọmọ yẹn lòun máa tú ọ̀já náà, òun á fi nu ilẹ̀. Ó ní kí àwọn ìgbìmọ̀ máa bọ̀, òun ò ní nǹkan tóun fẹ́ fi pamọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ọ̀gá Ẹkún fẹ́ yẹ yàrá náà wò ṣáájú àlejò. Mo mú un lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo maṣíìnì, ó wo fáànù, ó wo kọ́tìnì tí àbúrò mi fi àgékù aṣọ rán. Ojú rẹ̀ fà ro. A wọ mọ́tò tán ló tó sọ̀rọ̀: obìnrin yìí ò tòṣì tó.

Mo ní báwo? Ó ní tí wọ́n bá rí maṣíìnì, wọ́n á ní oníṣòwò ni. Tí wọ́n bá rí fáànù, wọ́n á ní ó ń jayé. Tí wọ́n bá wá rí ọ̀já, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí gbogbo ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ọkàn àwọn èèyàn yẹn gbọ́dọ̀ bàjẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń nu ojú.

Ọ̀rọ̀ náà rí mi lára. Àbí báwo lèèyàn ṣe ń tòṣì tó? Ta ló ń wọ̀n ọ́n? Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ó dáa, ọ̀gá."

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ó dáa, ọ̀gá. Ó dáa, ọ̀gá. Látàárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Bí ẹni pé mo jẹ nǹkan tó ti kan.

Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Èmi àti awakọ̀ ọ́fíìsì la lọ kó ẹrù. Maṣíìnì, tábìlì, áyọ́ọ̀nù, fáànù, kọ́tìnì, aṣọ ilé ìwé nínú àpò ńlá — gbogbo ẹ̀ wọ mọ́tò. Àbúrò mi dúró sí kọ̀rọ̀, ó ń wò wá bí ẹni tí onílé ń lé jáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé tálákà kì í lo kọ́tìnì ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó tú ọ̀já fúnra ẹ̀, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹni tó gbé aṣọ fún òun ò ní sùúrù, ṣé maṣíìnì á padà dé lọ́la? Mo ní lọ́la ni.

Awakọ̀ wo yàrá tó ṣófo. Ó ní, "Ìsinsìnyí ló wá dà bíi yàrá tèmi."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n wá. Alága ìgbìmọ̀, tí ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé. Obìnrin onígíláàsì ojú kan tí kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn tí wọ́n ń wo aago. Oníkámẹ́rà. Ọ̀gá Ẹkún ti ń sunkún láti ìta.

Olóyè, tí wọ́n ti tú sílẹ̀, ń sáré káàkiri yàrá. Inú ẹ̀ dùn, kò rí àyè tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Àbúrò mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan. Mi ò rí ọwọ́ ẹ̀ lófìfo rí láyé mi.

Obìnrin onígíláàsì bi í: iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Àbúrò mi wò mí. Ọ̀gá Ẹkún ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ó ní, "Ẹ wo ibí yìí náà. Ọ̀rọ̀ ò ṣeé sọ." Obìnrin yẹn tún bi í: iṣẹ́ wo? Alága ní ó mà ṣe o, ó ní ẹ jẹ́ ká máa lọ. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹnu tí Ọlọ́run fún mi, mo pa á dé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Maṣíìnì ò tíì padà. Oníkámẹ́rà ní òun fẹ́ tún ya fọ́tò yàrá náà, ìmọ́lẹ̀ àná ò dáa. Gbogbo ẹrù wà ní sítọ́ọ̀ ọ́fíìsì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Ẹkún. Ọ̀gá Ẹkún ti lọ sípàdé lórí ọ̀rọ̀ òṣì. Ní òtẹ́ẹ̀lì. Etí odò.

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àbúrò mi pè. Ẹni tó gbé aṣọ fún un dé, kò bá aṣọ, kò bá maṣíìnì. Ó pè é lólè lójú gbogbo ará ilé. Iṣẹ́ ti bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kò burú, ẹ̀gbọ́n mi." Ì bá sàn kó bú mi.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Òfin náà ṣubú.

Alága kà á sókè: ìyá tí àwọn fojú rí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ilé ló wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi ilé ìtọ́jú ọmọ ṣe? Oúnjẹ ló nílò. Nítorí náà wọ́n á pín oúnjẹ nínú báàgì, ẹ̀ẹ̀kan péré, pẹ̀lú orúkọ ìgbìmọ̀ lára báàgì. Wọ́n nawọ́ sókè láti fara mọ́ ọn. Obìnrin onígíláàsì nìkan ni kò nawọ́.

Mo jókòó síbẹ̀. Àwa la gbé iṣẹ́ ẹ̀ kúrò nínú yàrá. Àwọn wọlé, wọn ò rí iṣẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ rí?

Ọ̀gá Ẹkún sunkún tán, ó nu ojú, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó dáa ni. Ó ní ọ́fíìsì wa ni wọ́n máa gbé pípín náà fún. Ó ní kí n múra, èmi ni màá dúró ti àbúrò mi nínú fọ́tò. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo délé, mo fọ aṣọ tí mo wọ̀.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Mò ń kọ èyí lórí orúnkún, lẹ́nu ọ̀nà àbúrò mi.

Mo mú kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ láàárọ̀ yìí, mi ò tọrọ rẹ̀. Èmi àti awakọ̀ gbé maṣíìnì dé ibí. A bá àgádágodo lára ilẹ̀kùn. Aládùúgbò ní ó ti ríṣẹ́ nílé ìfọṣọ kan, òwúrọ̀ kùtùkùtù ló ń jáde. Ọmọ ńkọ́? Ó kọjú sí ibòmíràn.

Mo kan ilẹ̀kùn. Ohùn kékeré kan ní, "Ta ni?"

Mo ní èmi ni.

Olóyè ní, "Jókòó."

Mo jókòó sílẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti jẹun. Mo gbọ́ ọ̀já tó ń wọ́ nílẹ̀, ó wọ́ títí, ó dúró. Kò lè dé ibi ilẹ̀kùn. Àwa gbé ọ̀já lọ, ìyá ẹ̀ ti wá òmíràn, ó sì ti wọ̀n ọ́n.

Fóònù ń dún. Ọ̀gá Ẹkún. Wọ́n ti kó báàgì dé, oníkámẹ́rà ń dúró. Mi ò gbé e. Obìnrin onígíláàsì ni mo pè. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dá wá lóun nìkan, kó má mú kámẹ́rà, kó wá báyìí.

Ó wá. Ó bá mi nílẹ̀ pẹ̀lú maṣíìnì. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un: áyọ́ọ̀nù, aṣọ búlúù, ọ̀já, ẹni tó ní ká kó wọn, ẹni tó kó wọn. Mi ò yọ ara mi sílẹ̀. Ó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó kàn án. Láti inú lọ́hùn-ún, Olóyè ní kí òun náà jókòó.

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó ní kọ́kọ́rọ́ dà?

Mo ní ó wà lápò ìyá ẹ̀, níbi iṣẹ́.