Ẹ̀rọ Ìfági Tí Yóò Gba Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Iṣẹ́

Èmi, Ìyá Onígìtá, bí gbogbo ojúlé ṣe mọ̀ mí, opó ẹni tó ń kan gìtá, ìyá ọmọ méjì, ìyá àgbà tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣeé fi yangàn níbikíbi, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé pérépéré. Ara ló rẹ̀ mí. Kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ìwé kíkọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé wọ́n bá mi kọ ọ́ ni. Olùkọ́ kíláàsì wa ni mo yàn láti mú un ṣẹ.

Kìn-ín-ní. Ilé yìí di ti àwọn ọmọ mi méjèèjì. Àwọn yàrá tó kọjú sí títì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n, tó ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn ti inú, àti yàrá iṣẹ́, jẹ́ ti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó gba iṣẹ́ gìtá lọ́wọ́ bàbá wọn. Pálọ̀ jẹ́ ti àwọn méjèèjì, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń kí ara wọn níbẹ̀.

Kejì. Àwọn adìyẹ mi di ti aránṣọ ojúlé kejì. Ó ti pẹ́ tó ti ń yọ́ fún wọn lóúnjẹ, ó rò pé mi ò mọ ìdí tí wọn kì í fi tètè wálé.

Kẹta. Ìfági gígùn bàbá wọn, èyí tí a ń fi ọwọ́ tì, di ti ẹ̀gbọ́n. Bàbá wọn kò fún un nígbà ayé rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún títí di òní. Èmi fún un báyìí. Kó má fi kọ́ ògiri o.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un ra ẹ̀rọ ìfági ràgàjì yẹn, nígbà tí apá bẹ̀rẹ̀ sí í dun àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá férémù ilẹ̀kùn ni. Kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́. Ó ní kí a wó ògiri. Àbúrò rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ wó òun. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ tapólì, tí adìyẹ ń sùn lórí rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń rán mi níṣẹ́ sí ara wọn bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ti sú mi.

Kẹrin. Kí wọ́n ta ràgàjì náà, kí wọ́n ra kékeré tí yóò jókòó sórí tábìlì abẹ́ fèrèsé. Pákó gìtá kò gùn bí ilẹ̀kùn. Kí wọ́n má wo ọ̀dà ara rẹ̀, kí wọ́n má sì fetí sí ẹnu òǹtajà. Irin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ, tí a ń fi pákó tì, ni kí wọ́n dè pinpin, kí wọ́n wá fi àtàǹpàkò tì í. Bó bá mì, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n yẹ irin wò, kí àbúrò yẹ etí pákó tó bá fá wò, torí ohun tí ọ̀kan mọ̀, èkejì kò mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì ni yóò jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnì kan bá dá lọ rà á, tàbí tí wọn kò bá rà á kí ọdún kan tó pé lórí ikú mi, yàrá iṣẹ́ di ti kíláàsì àwọn àgbà. Àyè kò gbà wá níbi tí a wà, mi ò sì ṣeré.

Karùn-ún. Pákó méjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, nínú ìró mi àtijọ́. Igi kan náà ni bàbá wọn là sí méjì kó tó kú, fún ẹ̀yìn gìtá tèmi. Ti gbogbo ayé ló ń kàn, tèmi ló ń sún síwájú. Mo bá a jà lórí rẹ̀ títí. Ní báyìí, ariwo ìfági rẹ̀ láàárọ̀ ni mò ń wá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ tuntun yóò ṣe nìyẹn. Ẹ ṣe é bí bàbá yín ti ń ṣe é: bí ẹ bá ń fá etí wọn, ẹ jẹ́ kí ojú pákó kan kọ sí irin ẹ̀gbẹ́ abẹ, kí ẹ̀yìn èkejì kọ sí i. Ọwọ́ bàbá yín máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún, ó sì mọ̀. Kò bá ọwọ́ náà jà. Ó kàn ń yí pákó kejì padà, kí wíwọ́ èyí lè bá wíwọ́ ìyẹn mu. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ gbé wọn sójú fèrèsé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín wọn, ẹ padà lọ fá a. Bí kò bá yọ, kí ọ̀kan nínú yín di í mú, kí èkejì fi gọ́ọ̀mù sí i. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Èmi ni mo ń bá bàbá yín di í mú.

Bí gìtá náà bá parí, pálọ̀ ni kó máa wà.

Mo fọwọ́ sí i, mi ò tẹ̀ka: Ìyá Onígìtá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Àwọn ẹlẹ́rìí: Oníbàtà, tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì, àti Àgbẹ̀bí, tó gbẹ̀bí àwọn méjèèjì, tó ní ọ̀rọ̀ wọn ti rẹ òun náà.