Lẹ́ẹ̀dì Tí Kì Í Dán

Ṣakí, ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì

Mo kàn ń dá rẹ́rìn-ín ni.

Gbogbo àwa tí a kọ́ṣẹ́ rédíò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Mùfú, eyín la fi ń gé lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń lẹ wáyà. Nígbà tí mo bí Ràfíátù, nọ́ọ̀sì ní òjé tó wà nínú lẹ́ẹ̀dì lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Mo bá ra èyí tí kò ní òjé, mo sì ń fi àlùmọ́gàjí gé e. Kì í dán. Ọ̀gá ní, "Ìyá Ràfíátù, èyí tí kò dán kò lè pẹ́."

Lónìí, Bàbá Sàláwù, oníbàárà wa, gbé rédíò tí mo tún ṣe padà wá láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó tún ti dákẹ́. Ọ̀gá ní, "Kí ni mo wí?"

Mo ní, "Ẹ fọwọ́ ara yín tú u, ọ̀gá."

Gbogbo ibi tí mo lẹ̀ dúró digbí. Ibi tí ọ̀gá fúnra wọn ti lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló là, tó sì ń dán yinrin! Lóòótọ́, tiwọn ti pẹ́ níbẹ̀ ju tèmi lọ, àmọ́ n ó yangàn.

Wọ́n ní kí n mú lẹ́ẹ̀dì mi wá. Wọ́n gbé e dé ẹnu, wọ́n dúró, wọ́n wò mí.

"Ìyá Ràfíátù, àlùmọ́gàjí rẹ dà?"